Ṣé kámẹ́rà kékeré lẹ fẹ́ rà fún ìyàwó yín? Ẹ fi megapixel sílẹ̀, ẹ bi í ní ẹni tó fẹ́ yà

Ẹ̀bùn tí ọkọ máa ń rà fún ìyàwó kò ju mélòó kan lọ: aṣọ, bàtà, báàgì, wúrà fún ẹni tí agbára rẹ̀ ká a, àti fóònù. Fóònù gan-an ló wọ́pọ̀ jù báyìí. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan, nǹkan àtijọ́ kan ti tún padà dé. Kámẹ́rà kékeré ni, irú èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa máa ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ lọ sí òde ìnáwó kí fóònù olójú ńlá tó gbòde. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbé e káàkiri orí TikTok àti Instagram, wọ́n ní fọ́tò rẹ̀ ní adùn kan tí ti fóònù kò ní. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń wá kiri, àwọn tó ń tà á náà sì ti mọ̀.

Èmi ò ní kí ẹ má rà á o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kámẹ́rà kékeré lè jẹ́ ẹ̀bùn tó níyì jù lọ nínú ilé, ó sì lè di ẹrù inú kọ́bọ́ọ̀dù láàárín oṣù mẹ́ta. Owó kọ́ ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nọ́ńbà gàgàrà tí wọ́n kọ sára páálí náà kọ́. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bóyá ẹni tó lọ rà á mọ irú fọ́tò tí ẹni tó máa lò ó fẹ́ fi pamọ́.

Ìyàwó mi ló là mí lójú sí i. Ọmọ Ìkirè ni mí, ọmọ Àpòmù lòun. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ mọ̀ pé ìlú méjèèjì kò jìnnà síra wọn rárá. Ìkirè ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé, Àpòmù ni ti Ìsọ̀kan. Tí a bá ń ti Ìbàdàn lọ sílé nígbà ọdún, ilé méjèèjì la gbọ́dọ̀ yà. Nígbà tí ìyá àgbà ilé wọn ní Àpòmù jáde láyé, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá fọ́tò tí wọ́n máa lò fún ìwé ìsìnkú. Èyí tó dáa jù lọ ti wà lórí fóònù ìyàwó mi tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n ti jí fóònù yẹn ní ibùdókọ̀. Èyí tó kù ni ẹ̀dà tó ti gba orí WhatsApp kọjá lọ́wọ́ èèyàn bíi mẹ́rin. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè tètè lọ, kó má sì jẹ dátà púpọ̀. Bó bá ti fún un pọ̀ báyẹn, kò sí bí a ṣe lè tú u padà mọ́. Ọmọkùnrin tó máa bá wa tẹ̀ ẹ́ wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo lè fẹ̀ ẹ́ o, àmọ́ ojú màmá ò ní hàn dáadáa." Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni mo béèrè ohun tó fẹ́ kí n rà fún ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra fóònù fún mi. Kámẹ́rà ni mo fẹ́. Èyí tí kò ní máa dún, tí WhatsApp ò sí nínú ẹ̀, tí mo lè fi ya Màámi àti àwọn àgbà tó ṣẹ́kù."

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn sọ́kàn, torí òun la máa fi díwọ̀n gbogbo nǹkan tó kù. Kò dárúkọ megapixel kankan. Kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan. Àwọn èèyàn ló dárúkọ.

ÌLÚ TÍ KÒ NÍ FỌ́TÒ

Àpòmù ní ìtàn tó yẹ kó jẹ́ ká mọ ohun tí àìsí àwòrán lè ṣe. Ọjà Àpòmù kì í ṣe ọjà kékeré láyé àtijọ́. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ibẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ná. Ìjà tó ṣẹlẹ̀ nínú ọjà yìí wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1821, ogun yẹn sì wà lára ohun tó yí ilẹ̀ Yorùbá padà pátápátá. Báwo ni ọjà náà ṣe rí? Kò sẹ́ni tó lè fi hàn wá. Ọdún 1839 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde iṣẹ́ fọ́tò fún gbogbo ayé ní ilẹ̀ Faransé.

Àwọn yẹn ní àwáwí, kò sí ẹ̀rọ nígbà tiwọn. Àwa ńkọ́? Ẹ̀rọ kún ọwọ́ wa, síbẹ̀ ojú àwọn àgbà wa ń pòórá nínú fóònù tó bàjẹ́ àti fóònù tí wọ́n jí gbé.

Kì í kúkú ṣe pé Yorùbá ò mọyì fọ́tò. Ní ọdún 1978, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts nípa iṣẹ́ fọ́tò láàárín Yorùbá. Ìlà Ọ̀ràngún, tó wà ní Ọ̀ṣun tiwa yìí, wà lára ibi tó ti ṣe ìwádìí. Ó rí bí àwọn àgbà ṣe máa ń jókòó fún fọ́tò: wọ́n á dojú kọ kámẹ́rà tààrà, aṣọ wọn á tẹ́ rẹrẹ, wọ́n á gbé ọwọ́ lé orúnkún, bí ọba lórí ìtẹ́. Ó tún rí nǹkan tó ya èmi lẹ́nu. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á sì tẹ fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jọ jókòó síbì kan. Àwọn tó mọ fọ́tò débi pé wọ́n ń fi í mú òkú àti alààyè jókòó pọ̀, ṣé àwọn wọ̀nyẹn ni kò mọyì fọ́tò?

BÓ ṢE LỌ, BÓ ṢE PADÀ DÉ

Ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nípa kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀. Ọdún 1975 ni ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Steven Sasson ṣe kámẹ́rà dijitá àkọ́kọ́ ní ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà. Ó wúwo tó kílò mẹ́ta ààbọ̀ àti díẹ̀, ó sì ń gba ìṣẹ́jú àáyá 23 kó tó gbé àwòrán kan sórí káṣẹ́ẹ̀tì. Orí fíìmù ni Kodak ti ń rówó nígbà náà, wọn ò sì tètè fi gbogbo ara wọ òwò tuntun yìí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n ní gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn.

Ní ọdún 2010, kámẹ́rà dijitá tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kó jáde lé ní mílíọ̀nù 120, kékeré ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tó fi di ọdún 2023, gbogbo rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 10 mọ́. Fóònù ló gba iṣẹ́ náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn ọ̀dọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá kámẹ́rà kékeré. Nígbà tí Fujifilm gbé X100VI jáde ní ọdún 2024, èrò tó fẹ́ rà á pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè ṣe lọ. Ní 2025, Canon náà tún gbé ẹ̀yà tuntun PowerShot ELPH 360 HS sórí àtẹ, bẹ́ẹ̀, ọdún 2016 ni èyí àkọ́kọ́ ti jáde.

Nítorí náà, ohun tí ẹ máa rí lọ́jà kò ju oríṣi méjì lọ: tuntun tí owó rẹ̀ ń gun òkè bí dọ́là bá ṣe ń gùn, àti tòkunbọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ lajú yín dáadáa kí ẹ tó rà.

ṢÉ FÓÒNÙ Ò TÓ NI?

Ìbéèrè tó dáa ni, ẹ má sì jẹ́ kí òǹtajà dáhùn rẹ̀ fún yín. Bí fóònù olówó gọbọi bá wà lọ́wọ́ ìyàwó yín, kámẹ́rà kékeré olówó pọ́ọ́kú kò ní ya alẹ́ jù ú lọ. Fóònù yẹn máa ń ya bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, á wá pò wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Kámẹ́rà kékeré àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí kámẹ́rà ti ń borí ni pé ó lè fa ohun tó jìnnà mọ́ra láìba àwòrán jẹ́. Iná flash rẹ̀ jẹ́ flash gidi, kì í ṣe iná tọ́ọ̀ṣì. Fọ́tò inú rẹ̀ wà lórí mẹ́mọ́rì tí a lè yọ. Ó tún ní ọ̀kan tí wọn kì í kọ sára páálí: iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe. Bí ìyàwó yín bá gbé e sójú, kò sí aláàárò tó máa pè é, kò sí ìkìlọ̀ báńkì tó máa yọ lójú rẹ̀. Fọ́tò ló ń yà.

Bí èyí kò bá já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀, ẹ fi owó yín ra nǹkan mìíràn. Kò sí ìjà.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ WÒ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi megapixel sí àyè rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ fọ́tò máa ń fẹ́ ẹ̀kán 300 lórí íǹṣì kan kó lè dán. Fọ́tò íǹṣì 4 sí 6, èyí tó wọ́pọ̀ nínú álúbọ́ọ̀mù, á nílò 1,200 ní ìbú àti 1,800 ní gígùn. Ẹ bá mi sọ ọ́ di púpọ̀: mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ ni. Megapixel méjì nìyẹn! Fọ́tò íǹṣì 8 sí 10 tí wọ́n máa ń fi férémù sí, tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri pálọ̀, kò ju megapixel 7 àti díẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí òǹtajà bá ń pariwo pé "Ọ̀gá mi, 48 megapixel rèé!", ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ sì béèrè ohun mìíràn.

Ohun tí ẹ máa béèrè ni bí sensor rẹ̀ ṣe tóbi tó. Sensor ni pẹlẹbẹ kékeré inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ dà bí òjò. Ẹni tó gbé ife sábẹ́ òjò àti ẹni tó gbé bàsíà, òjò kan náà ló rọ̀ fún wọn, àmọ́ omi wọn ò lè dọ́gba. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré olówó pọ́ọ́kú, irú bíi Sony W830 tàbí Canon ELPH 360 HS, sensor wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà 6 sí 4.6 lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní oníyíǹṣì kan, irú tó wà nínú Sony RX100 tó jáde ní 2012 àti Canon G7 X Mark III tó jáde ní 2019, jẹ́ mìlímítà 13.2 sí 8.8. Ó fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹ bá ń ya ìyá àgbà nínú pálọ̀ tí fèrèsé kan péré wà, tí NEPA ò sì múná wá, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ìyàtọ̀ ife àti bàsíà.

Zoom ló kàn. Oríṣi méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí ojú kámẹ́rà máa ń yọ jáde ní ti gidi. Òun ni wọ́n ń pè ní optical. Èkejì ni digital, ìyẹn kò ju pé wọ́n gé àárín fọ́tò, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́. Optical nìkan ni kí ẹ kà. ELPH 360 HS ní ìlọ́po 12, Canon SX740 HS ní 40, RX100 àkọ́kọ́ kò sì tó 4. Bí ìyàwó yín bá máa ń jókòó lẹ́yìn nílé ìjọsìn, tó sì fẹ́ ya ọmọ yín tó ń ka ẹsẹ lókè lọ́hùn-ún, zoom ló máa bá a ṣe é. Bí àwọn àgbà nínú pálọ̀ ló fẹ́ yà, sensor ló máa bá a ṣe é. Méjèèjì kì í sábà pé sínú kámẹ́rà kan tó ṣeé ki bọ àpò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ bi í ní ẹni tó fẹ́ yà.

ÀWỌ̀ WA ŃKỌ́?

Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú sí. Láyé fíìmù, Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfọ́tò, fọ́tò obìnrin òyìnbó aláwọ̀ funfun ló sì wà lára rẹ̀. "Shirley" ni wọ́n ń pe káàdì náà. Bí awọ ara obìnrin yẹn bá ti dáa lójú, wọ́n gbà pé àwọ̀ pé nìyẹn. Ẹni dúdú ò sí nínú ìṣirò yẹn. Ọ̀rọ̀ ti sún síwájú láti ìgbà náà, àní ní 2021 Google gbé ohun tí wọ́n pè ní Real Tone sínú fóònù Pixel 6 nítorí aláwọ̀ dúdú. Àmọ́ kámẹ́rà kékeré àtijọ́ ò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Kámẹ́rà ò mọ èèyàn yàtọ̀ sí ògiri. Ó máa ń ṣírò bíi pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ eérú ló máa jẹ́. Bí màmá bá wọ léèsì funfun gbòò, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú màmá á sì ṣókùnkùn. Ẹ wá lọ ya dòdò Ìkirè tiwa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá pípọ́n ni, tí wọ́n fi ata sí, tí wọ́n din nínú epo títí tó fi dúdú, tó ń dán. Bí òun nìkan bá kún ojú kámẹ́rà, ẹ̀rọ á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, dòdò á wá dà bíi pé wọ́n da eérú lé e lórí.

Oògùn rẹ̀ kò le. Ẹ wá bọ́tìnnì tí wọ́n fi àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò sí lára. Fún màmá tó wọ léèsì funfun, ẹ lọ sí apá àròpọ̀ díẹ̀. Fún dòdò, ẹ lọ sí apá àyọkúrò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i dájú pé bọ́tìnnì náà wà, àti pé ìyàwó yín lè débẹ̀ láìkàwé ojú-ewé ọgọ́rùn-ún.

INÁ, MẸ́MỌ́RÌ ÀTI ỌYẸ́

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo bátìrì lithium tó jẹ́ tiwọn nìkan. Bí kámẹ́rà bá ti pẹ́, ẹ béèrè bóyá bátìrì rẹ̀ ṣì wà lọ́jà kí ẹ tó rà á. Ẹ ra méjì, kí ọ̀kan máa wà lórí ṣájà nígbà tí iná bá wà. Àwọn kan ṣì ń lo bátìrì AA, irú tí a fi ń sí rìmóòtù. Kodak PIXPRO FZ45 jẹ́ ọ̀kan, méjì ló ń jẹ. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe Kodak àtijọ́ ló ń ṣe é o, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló gba àṣẹ láti lo orúkọ náà. Àmọ́ fún ẹni tó ń lọ sílé níbi tí iná ò dájú, kò sí ṣọ́ọ̀bù àdúgbò tí kò ní bátìrì AA.

Mẹ́mọ́rì náà ní ìpele. Kámẹ́rà tó ti dàgbà gan-an lè má gbà ju SD 2GB lọ. Àwọn tó tẹ̀lé e ń gba SDHC, tó parí sí 32GB. Ẹ má ra èyí tó tóbi kí ẹ tó mọ ohun tí kámẹ́rà yín lè gbà. Bí fọ́tò kan bá jẹ́ 6MB, 32GB á gba ohun tó lé ní 5,000. Ó tó o jàre.

Ọyẹ́ sì ni ọ̀tá kámẹ́rà kékeré. Ojú rẹ̀ tó ń yọ tó ń wọlé máa ń fa eruku wọ inú, bí eruku bá sì ti dé orí sensor, a ò lè fi aṣọ nù ún láti ìta. Ẹ ra àpò tó ní síìpù mọ́ ọn. Kò wọ́n.

BÍ TÒKUNBỌ̀ NI

Ẹ má sanwó kí ẹ tó fi ọwọ́ ara yín dán an wò. Ẹ gbé mẹ́mọ́rì tiyín dání. Ẹ tàn án, ẹ fa zoom dópin, ẹ dá a padà, kí ẹ sì fetí sílẹ̀: bó bá ń dún bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ ya ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run, kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́ wò. Bí àmì dúdú kan bá wà lójú kan náà nínú fọ́tò méjì, eruku ti wọnú rẹ̀. Ẹ tan flash. Ẹ wo ilẹ̀kùn ibi tí bátìrì wà bóyá ó ń pa dé. Ẹ wo bátìrì bóyá ó ti wú. Ẹ tún wo èdè inú rẹ̀: àwọn kan tí wọ́n ṣe fún Japan nìkan ò ní Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé yí padà. Òǹtajà kan ní Ìbàdàn sọ fún mi pé, "Bọ̀ọ̀dá, tó bá ti ń tàn, ó dáa nìyẹn." Mo ní kó má bínú, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Èyí tí mo rà nígbẹ̀yìn ni Sony RX100 àkọ́kọ́, tòkunbọ̀, pẹ̀lú bátìrì méjì. Zoom rẹ̀ kò jìnnà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó rà á. Ẹni tí ìyàwó mi fẹ́ yà máa ń jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní Àpòmù, kò jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ.

LẸ́YÌN TÍ Ẹ BÁ TI FI JÍǸKÍ RẸ̀

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbọ́ ná. Bí ẹ bá ti fún un, tirẹ̀ ni. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lóde ìnáwó pé ẹ fẹ́ fi hàn án bí wọ́n ṣe ń yà á. Ẹ má máa ka fọ́tò tó bàjẹ́ sí i lọ́rùn. Kò náni lówó bíi fíìmù ayé àtijọ́. Kó ya ọgọ́rùn-ún, kó pa àádọ́rùn-ún rẹ́, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ́ ọ.

Ẹ̀yin ìyàwó náà tó bá fẹ́ rà fún ọkọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ bi í ní ẹni tó fẹ́ yà. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin á dáhùn pé "gbogbo nǹkan". Ẹ má gbà. Ẹ ní kó dárúkọ mẹ́ta.

Kí ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó ya aláìmọ̀rí. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ jáde ní Ìkirè, ìyá tó ń din dòdò gbé ojú sókè, ó ní, "Tóo bá yà mí, wàá bá mi tẹ̀ ẹ́ wá o!" Ìyàwó mi ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà." Ó yà á, a tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn, a sì gbé e fún wọn nígbà tí a tún kọjá. Wọ́n fi dòdò jìn wá lọ́jọ́ yẹn, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Títẹ̀ yẹn ni ìdajì ẹ̀bùn náà. Fọ́tò tó wà lórí mẹ́mọ́rì nìkan ò yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí fóònù tí wọ́n jí. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ jọ jókòó, kí ẹ yan ogún, kí ẹ tẹ̀ wọ́n, kí ẹ sì fi bírò kọ orúkọ àti ọjọ́ sẹ́yìn wọn. Ẹ kó ẹ̀dà sínú kọ̀ǹpútà tàbí hard disk tí kò sí nínú báàgì tí kámẹ́rà wà. Ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé, kó má jẹ́ WhatsApp nìkan ni màmá fi ń rí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ó wá ku ẹyọ kan. Ẹni tó ń ya fọ́tò kì í sí nínú fọ́tò. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó ló ń ya gbogbo ayé, kí a tó mọ̀, ọdún mẹ́wàá ti lọ, òun nìkan ni kò sí nínú álúbọ́ọ̀mù. Àwọn ọmọ á dàgbà, wọ́n á máa béèrè pé, "Mọ́mì, níbo lẹ wà lọ́jọ́ yìí?" Kámẹ́rà kékeré ní oògùn ìyẹn látọjọ́ pípẹ́: àmì aago kan wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó yà. Ẹ ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kékeré mọ́ ọn, tàbí kí ẹ gbé e ka orí àpótí. Ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́, kó sáré wá jókòó láàárín yín.